Àwọn Olùkọ́ Tí Wọ́n Gbà Síṣẹ́ Kí Wọ́n Lè Lọ

Bí ẹ bá wà lórí WhatsApp tàbí Telegram, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí irú ìkéde yìí rí: wọ́n ń wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí Ṣáínà, sí Vietnam, sí Thailand. Owó oṣù rèé, wọ́n á fúnni nílé, wọ́n á san owó ọkọ̀ òfurufú. Kí inú ẹni tó dùn tán, ìlà tó kẹ́yìn á ní ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ nìkan ni kó kọ̀wé wá. Ní South Korea, òfin ló tiẹ̀ wà nídìí ẹ̀. Físà tí wọ́n ń fún àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ orílẹ̀-èdè méje ló wà fún ní pàtàkì: Amẹ́ríkà, Britain, Kánádà, Ireland, Australia, New Zealand àti South Africa. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì la fi ka gbogbo ìwé tá a kà.

Ìkéde yìí ló mú wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn àwọn olùkọ́ àjèjì tó ti lọ sí Éṣíà ṣáájú. A fẹ́ mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, ibi tí wọ́n sùn, ọ̀nà tí wọ́n rìn, ohun tójú wọn rí. Jàpáànì la gbájú mọ́, torí pé ìjọba ibẹ̀ fi ètò gidi sí ọ̀rọ̀ náà láàárín ọdún 1868 sí nǹkan bíi 1900. Ohun tá a bá pàdé níbẹ̀ ju ohun tá à ń wá lọ. Àwọn tó gba àwọn olùkọ́ yìí síṣẹ́ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ táwọn máa ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Fún ohun tó lé ní igba ọdún, àwọn aláṣẹ Jàpáànì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Yúróòpù. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Netherlands nìkan ni wọ́n gbà láàyè, wọ́n sì há àwọn yẹn mọ́ erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Dejima, létí Nagasaki. Lọ́dún 1853, Matthew Perry kó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà wá sí etíkun wọn. Gbogbo èèyàn ló rí àgbá tó wà nínú àwọn ọkọ̀ yẹn, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ò ní irú ẹ̀. Nígbà tí ìjọba tuntun dìde lórúkọ Ọba Meiji ní 1868, wọ́n búra ní gbangba pé àwọn á wá ìmọ̀ kiri gbogbo ayé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Owó ni wọ́n fi ra ọgbọ́n náà. Oyatoi gaikokujin lorúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n gbà. Bá a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé, “àjèjì tá a háyà” ni. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ yẹn o. Ohun téèyàn bá háyà, bí àga àti abà ìnáwó, a máa ń dá a padà ni.

Láàárín 1874 sí 1875, tí wọ́n pọ̀ jù lọ, àwọn àjèjì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lé ní 500. Olùkọ́ wà nínú wọn, dókítà wà, ẹnjiníà wà. Owó tí wọ́n ń gbà sì ga. Thomas Kinder, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń rọ owó ní Osaka, ń gba 1,045 yen lóṣù, nígbà tí Sanjo Sanetomi tó jẹ́ olórí ìjọba ń gba 800. Ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n háyà ń gba owó ju ẹni tó háyà rẹ̀ lọ. Kò sí ìjọba tó máa fẹ́ san irú owó bẹ́ẹ̀ títí láé.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ni Guido Verbeck. Ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n ti bí i ní 1830. Ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ó kẹ́kọ̀ọ́ àlùfáà níbẹ̀, ìjọ sì rán an lọ sí Nagasaki ní 1859 gẹ́gẹ́ bíi míṣọ́nnárì. Ìwàásù ò ṣeé ṣe, torí pé òfin ṣì ka ẹ̀sìn Kristẹni léèwọ̀ fún ọmọ Jàpáànì. Iṣẹ́ tíṣà ló kù tó lè ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ samurai ló ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan nínú wọn sì di èèyàn ńlá. Okuma Shigenobu, tó di olórí ìjọba lẹ́yìn náà, wà lára wọn. Nígbà tó yá, ìjọba tuntun gbé Verbeck lọ sí Tokyo láti wá bá wọn tún ilé ẹ̀kọ́ gíga ṣe.

Ẹ ò rí i bí? Ọmọ Netherlands ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀. Ó tún wá jẹ́ pé kò ní orílẹ̀-èdè kankan: ó ti pàdánù ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kò sì di ọmọ Amẹ́ríkà. Ní 1891, ìjọba Jàpáànì fún un níwèé àkànṣe kó lè máa gbé níbẹ̀, kó sì máa rìn fàlàlà. Tokyo ló kú sí ní 1898. Bí Verbeck bá kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe ìkéde orí WhatsApp lónìí, wọn ò ní ka ìwé rẹ̀ dé ìdajì.

William Elliot Griffis ló tẹ̀ lé e nínú ìtàn wa. Ní Amẹ́ríkà ni tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Rutgers, níbi tó ti ń kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti Fukui ní èdè Látìn. Kusakabe Taro lorúkọ ọmọ náà. Ó mọ̀wé débi pé wọ́n mú un wọ ẹgbẹ́ Phi Beta Kappa, èyí tó wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ta yọ, àmọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á ní 1870, nígbà tó kù díẹ̀ kó gboyè. Lọ́dún yẹn náà ni àwọn aláṣẹ Fukui ń wá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Griffis gbà láti lọ. Ọmọ ọdún 27 ni. Ohun kan wà tó gbé dání tí kì í ṣe tiẹ̀: kọ́kọ́rọ́ wúrà kékeré tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ yẹn, tó ń mú lọ fún bàbá ọmọ tó kú.

Ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un ni 2,400 dọ́là lọ́dún, ilé kan àti ẹṣin kan. Ó gúnlẹ̀ sí Yokohama ní ìparí oṣù Kejìlá 1870. Kò tíì sí rélùwéè ní Jàpáànì nígbà yẹn. Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ lọ sí Kobe, ó gba orí adágún Biwa, ó sì la àwọn òkè tí yìnyín bò kọjá kó tó wọ Fukui ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta 1871. Òyìnbó ò wọ́pọ̀ rárá nílùú náà. Ilé àtijọ́ kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, kí wọ́n tó kọ́ ilé bíi ti òyìnbó fún un. Ó ṣètò yàrá tí wọ́n ti ń dán kẹ́mísírì wò, ó ń kọ́ àwọn ọmọ samurai tó ṣì ń fi idà há ìgbánú. Tó bá délé lálẹ́, á kọ lẹ́tà sí Margaret, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Ilé tuntun náà ò tíì gbó tí nǹkan fi yí padà. Lọ́dún 1871 yẹn gan-an, ìjọba Tokyo fagi lé gbogbo àwọn àgbègbè tí àwọn olóyè tí wọ́n ń pè ní daimyo ń ṣàkóso. Griffis wà níbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá nígbà tí olóyè Fukui pe àwọn samurai rẹ̀ jọ sínú gbọ̀ngàn láti dágbére fún wọn. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tó bá yín tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ò sí nípò mọ́, ẹ̀yin sì wà láàárín òkè àti yìnyín, ní ìlú tẹ́ ẹ ò tíì gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó dáńtọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí Tokyo. Òun náà gbéra nínú òtútù oṣù Kìíní 1872. Margaret wá bá a ní Tokyo lọ́dún náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin, títí tí àwọn méjèèjì fi padà sí Amẹ́ríkà ní 1874.

Tí ẹ bá ń rò pé àwọn olùkọ́ yìí kàn ń rìn gbéregbère káàkiri ni, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èbúté kan wà tí wọ́n yàn fún àjèjì, bíi Yokohama àti Kobe. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá nǹkan bíi kìlómítà 40 sí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kó sì sọ ìdí, bóyá ìlera ni tàbí ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Ọdún 1899 ni wọ́n tó mú òfin yìí kúrò. Àwa tá a ti jókòó gbẹ́kẹ̀ lórí ìlà físà mọ bó ṣe máa ń rí lára. Àmọ́ ìgbà yẹn, òyìnbó ló ń tọrọ àṣẹ, ọmọ Éṣíà ló ń fúnni.

Àwọn tó mọ ìrìn-àjò lò rí nǹkan níbẹ̀. Edward Morse, onímọ̀ nípa ẹranko láti Amẹ́ríkà, lọ sí Jàpáànì ní 1877 láti wá àwọn ẹ̀dá inú òkun kan tó ní ìkarahun. Rélùwéè ti wà láàárín Yokohama àti Tokyo láti 1872. Morse jókòó nínú ọkọ̀ náà, ó ń wo ìta, ó sì rí òkìtì ìkarahun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Omori. Ó mọ̀ pé èèyàn ayé àtijọ́ ló jẹun tí wọ́n da èépá rẹ̀ síbẹ̀. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì Tokyo lọ wú u, iṣẹ́ yẹn sì wà lára ohun tó bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní Jàpáànì. Gbogbo ọjọ́ ayé ni àwọn ará Tokyo ń gba ibẹ̀ kọjá. Àjèjì nígbà mìíràn máa ń rí ohun tí onílé ò wò mọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Henry Dyer, ọmọ Scotland, dé Tokyo ní 1873, ọmọ ọdún 24, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun tó wà fún àwọn ẹnjiníà. Ní 1877, Josiah Conder dé láti London, ọmọ ọdún 24, láti wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé. Ní kíláàsì Conder, ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Tatsuno Kingo. Tatsuno gboyè ní 1879, ìjọba rán an lọ sí London, ó padà dé, ó sì gba ipò Conder gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1884. Ọdún méje péré láti ìgbà tí olùkọ́ ti wọ kíláàsì, ọmọ iléèwé rẹ̀ ti jókòó sórí àga rẹ̀. Tatsuno yìí náà ló ya àwòrán ibùdókọ̀ rélùwéè Tokyo tí wọ́n ṣí ní 1914, tó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Báyìí ni ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́: gba àjèjì, jẹ́ kó kọ́ àwọn ọmọ tó gbọ́n jù, rán àwọn ọmọ yẹn lọ síbi tí olùkọ́ ti wá, tí wọ́n bá dé, kí wọ́n gbapò. Ó kan ọ̀rọ̀ èdè pàápàá. Ní 1886, Basil Hall Chamberlain, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Jàpáànì ní yunifásítì Tokyo. Bẹ́ẹ̀ ni, òyìnbó ló ń kọ́ àwọn onílé nípa èdè ara wọn. Ọ̀kan nínú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Ueda Kazutoshi, lọ sí Jámánì ní 1890, ó dé ní 1894, òun náà sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ìgbà yẹn, ọmọ onílé ló ń darí ìmọ̀ èdè onílé. Àwa tá à ń kọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹ ká dúró díẹ̀ síbí yìí.

Láàárín àwa tá à ń kọ sọ́fítíwia, a máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí dápàárá: ẹni tó bá kọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ kedere, ó ti ń palẹ̀ ẹrù ara ẹ̀ mọ́ nìyẹn. Àwọn kan wà tí wọn kì í kọ ohunkóhun sílẹ̀ torí èyí. A ti ṣiṣẹ́ rí níbì kan tí wọ́n sanwó ńlá fún àwọn tó wá láti òkèèrè kí wọ́n bá wọn kọ́ ètò kọ̀ǹpútà. Ètò náà ṣiṣẹ́, àwọn àlejò lọ. Lọ́jọ́ tó bàjẹ́, kò sí ẹnì kankan nínú ọ́fíìsì tó mọ ibi téèyàn lè fọwọ́ kàn. Wọ́n tún pè wọ́n padà, wọ́n tún sanwó. Kò sẹ́ni tó fi sínú àdéhùn pé kí wọ́n kọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí Jàpáànì rà nígbà yẹn ni ìmọ̀ bí wọ́n ṣe máa kọ́ ilé tó kàn fúnra wọn.

Ó dáa fún orílẹ̀-èdè. Olùkọ́ ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ ká mọ bó ṣe ń dunni ni Lafcadio Hearn. Erékùṣù kan nílẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n ti bí i ní 1850, ọmọ Gíríìkì ni ìyá rẹ̀, ọmọ Ireland ni bàbá. Ireland ló dàgbà sí, ojú rẹ̀ kan fọ́ nígbà tó wà nílé ìwé, ó sì di akọ̀ròyìn ní Amẹ́ríkà. Ó dé Jàpáànì ní 1890. Iṣẹ́ tíṣà ní Matsue ni wọ́n bá a wá, 100 yen lóṣù. Ó fẹ́ Koizumi Setsu, ọmọ ìdílé samurai tí nǹkan ti bàjẹ́ fún. Setsu ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Hearn ò gbọ́ èdè Jàpáànì dáadáa, ni wọ́n bá ṣe èdè tiwọn nínú ilé: ọ̀rọ̀ Jàpáànì tí wọ́n to bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Èdè yẹn ni Setsu fi ń pa àlọ́ iwin àti òkú fún un lálẹ́, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ni Hearn kọ sínú ìwé.

Òtútù Matsue lé wọn lọ sí Kumamoto ní 1891. Ó ṣe ọdún mẹ́ta níbẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Kobe, ó sì di ọmọ Jàpáànì ní 1896. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ: orúkọ ìdílé ìyàwó rẹ̀ ló gbà, ó di Koizumi Yakumo. Lọ́dún yẹn náà, yunifásítì Tokyo gbà á láti máa kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1903, lẹ́tà dé pé àdéhùn rẹ̀ máa parí ní òpin oṣù Kẹta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá. Yunifásítì tún wá fi iṣẹ́ tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Ó ti ní ìyàwó, ó ti bímọ, ó ti yí orúkọ padà, ó ti di ọmọ onílùú, síbẹ̀ wọ́n ṣì háyà rẹ̀ ni. Natsume Soseki wà lára àwọn tó gbapò rẹ̀. Ìjọba ti rán Soseki lọ sí London ní 1900, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní oṣù Kìíní 1903 ni. Ètò yẹn náà ni, bó ṣe ṣe Conder. Hearn rí iṣẹ́ sí Waseda ní 1904, ilé ẹ̀kọ́ tí Okuma, ọmọ iléèwé Verbeck, dá sílẹ̀. Kò lò ó pẹ́. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọmọ ọdún 54.

Inú Soseki náà ò dùn. Bàtà ńlá ni wọ́n ní kó wọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣì ń ṣàárò ẹni tó lọ. Ní 1907 ó fi yunifásítì sílẹ̀, ó ń kọ ìtàn fún ìwé ìròyìn, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé tí Jàpáànì bọ̀wọ̀ fún jù lọ.

A ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wa. Àwọn kan nínú wa ní ìwà ìkà ni. Àwọn kan ní owó ni wọ́n gbà, àdéhùn ni wọ́n bọwọ́ lù, kí ni wọ́n ń sunkún sí? Ibi tá a fẹnu kò sí ni pé ohun méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ pọ̀. Jàpáànì ṣe ohun tó tọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì dun Hearn dọ́kàn. Conder ní tiẹ̀ ò padà lọ máa gbé nílé mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ olùkọ́ bọ́, ó ń ya àwòrán ilé fún àwọn olówó, ó kọ́ iṣẹ́ àwòrán lọ́dọ̀ Kawanabe Kyosai, ó fẹ́ obìnrin ibẹ̀ tó ń jẹ́ Kume. Nínú oṣù Kẹfà 1920 ni àwọn méjèèjì kú, ọjọ́ tó wà láàárín ikú wọn ò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Tokyo ni wọ́n sin wọ́n sí. Griffis padà wá bẹ Jàpáànì wò ní 1927, ó ti lé lọ́mọ 80 ọdún. Àjò ò lè dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn ò mọ èwo ni ilé mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kọ́ni ní Éṣíà, a ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Ẹ ka àdéhùn yín dé ìlà tó kẹ́yìn. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó bá parí. Ẹ kọ́ èdè wọn, ẹ má dà bíi Hearn tó ku èdè abẹ́ òrùlé. Bí wọ́n bá sì ní ìwé ìrìnnà yín ò bá a mu, ẹ rántí Verbeck tí kò ní ìwé ìrìnnà kankan, tó sì kọ́ olórí ìjọba ọ̀la ní Gẹ̀ẹ́sì.

Àwa tá a kù sílé náà ní ìbéèrè tiwa. Gbogbo àwọn àjèjì tá à ń sanwó fún kí wọ́n wá bá wa ṣe títì, iná mànàmáná àti kọ̀ǹpútà, ta ni wọ́n ń kọ́? Ta ni Tatsuno wa tó jókòó sí kíláàsì wọn báyìí, ọdún mélòó ló sì kù kó gbapò?